Àyè Kan Ṣoṣo fún Tíṣà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún

Tíṣà, ọmọ mi, ní kí n máa kọ nǹkan sílẹ̀, pé ọpọlọ arúgbó dà bí ayùn, bí a kò bá lò ó, yóò dípẹtà. Mo bi í bóyá ọpọlọ tèmi ló ń bá wí àbí ti ọ̀gá rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kò rẹ́rìn-ín. Bí Tíṣà kò bá ti rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá fi ọ̀gá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ó gbé lẹ́tà kan síwájú mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á, nítorí ìwé mẹ́fà tí mo kà kò bá irú gírámà bẹ́ẹ̀ pàdé rí. Gbogbo ohun tó wí kò ju báyìí lọ: ẹnikẹ́ni tó ń kọ́ni níbẹ̀ tí kò ní oyè másításì gbọ́dọ̀ mú lẹ́tà wá kó tó di ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà, pé yunifásítì kan ti gbà á láti wá kà á. Ẹni tí kò bá rí lẹ́tà mú wá, kó má wulẹ̀ padà wá ní sáà tuntun.

Ọdún mọ́kànlá ló ti ń kọ́ wọn. Àwọn tábìlì tí àwọn ọmọ náà ń kọ̀wé lé, èmi ni mo kàn wọ́n nígbà tí ọwọ́ mi ṣì le. Tábìlì kò ní másításì, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n máa lọ. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ló wí.

Òjò láti àárọ̀. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ń jò síbi tó ti ń jò tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje

Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún mi bó ṣe ń gé àlùbọ́sà, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti àlùbọ́sà nínú omi ojú rẹ̀. Ìtàn ló kà ní yunifásítì, ó kọ́ bàọ́lọ́jì mọ́ ọn. Ohun tó ń kọ́ àwọn ọmọ ni bí àìsàn ṣe ń tú ìlú ká, àti bí ìlú ṣe ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bí àìsàn. Kíláàsì rẹ̀ a máa kún débi pé àwọn kan ń dúró lójú fèrèsé. Kò fẹ́ mú ọ̀kan kó ju èkejì nù. Másításì tó so méjèèjì pọ̀ ló ń wá, èyí tí owó rẹ̀ kò ní fa aṣọ ya mọ́ ọn lára.

Mo ní kí ló le níbẹ̀? Ṣebí a máa ń kan àpótí tí iwájú rẹ̀ jẹ́ pákó líle tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ pákó rírọ̀.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ máa gbọ́ ọ, Bàbá."

Búrẹ́dì tún ti gbówó lórí. Ó sì ti kéré sí i. Mo bi obìnrin tó ń tà á bóyá òun ló ń jẹ ìyókù kó tó gbé e síta. Ó ní tí n kò bá rà á, kí n gbé ọwọ́ kúrò lára rẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá

Télọ̀ ti mú mi lónìí. Ọkùnrin tó ń ránṣọ ní òdìkejì títì yìí, ogójì ọdún ni a ti ń fi ara wa ṣeré bọ̀, ó yẹ kí n ti mọ̀ ọ́n. Ó pè mí lórí fóònù pẹ̀lú ohùn obìnrin, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó ní òun ń pè láti ọ́fíìsì omi, pé wọn yóò ti ẹ̀rọ pa fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo pọn omi kún gbogbo garawa, mo pọn ọ́n sínú ìkòkò, mo pọn ọ́n sínú agolo tí mo fi ń po gúlù. Ìgbà tí mo jáde tí mo rí i tó di òpó ilẹ̀kùn rẹ̀ mú, tí èjìká rẹ̀ ń mì, ni mo tó mọ̀.

"Káfíńtà! Ṣé o ti pọn omi sínú bàtà ẹ náà?"

Mo ní kó dúró dè mí. Gbèsè ni.

Tíṣà fi omi náà fọ gbogbo aṣọ ilé. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ìgbà wo lẹ máa dàgbà?" Mo ní ó kù díẹ̀, a ṣì ń jẹun sí i.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá

Ó lọ sí yunifásítì ńlá. Àwọn onítàn ní kó lọ bá àwọn oníbàọ́lọ́jì. Àwọn oníbàọ́lọ́jì ní onítàn ni, kó padà síbi tó ti ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ àdán ni wọ́n fi ṣe fún un, kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Kó tó kúrò, ó béèrè iye tí wọ́n ń gbà. Owó ọdún kan ń lọ bí owó oṣù rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, láìjẹun, láìwọ bàtà.

Bàtà gan-an, ti ẹsẹ̀ òsì ti já. Mo fi gúlù lẹ̀ ẹ́. N kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi ṣàìsàn.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ayọ̀ wọlé! A lọ bá obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní ìkóríta. Ó wá a títí, ó bá wa rí ilé ẹ̀kọ́ kan tó jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà nìkan ló wà. Kò ní ilé, kò ní géètì. Mo bi í pé níbo ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan yẹn."

Owó rẹ̀ kò tó owó bọ́ọ̀sì tí Tíṣà ń wọ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún. Wọ́n so ẹ̀kọ́ mẹ́fà pọ̀ nínú másításì kan ṣoṣo, ìtàn wà níbẹ̀, bàọ́lọ́jì wà níbẹ̀. Kí a tó délé, wọ́n ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé wọ́n gbà á. Ó yà mí lẹ́nu. Kódà àwọn tó ń ta ìṣó máa ń jẹ́ kí o dúró díẹ̀.

A ra ẹja. Tíṣà kọrin nídìí iná. Ohùn ìyá rẹ̀ ló ní, kò sì mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo tẹ̀ lé e lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo ní mo fẹ́ kí àwọn tábìlì mi. Ọ̀gá àgbà gbà wá dáadáa. Ènìyàn kúkurú ni, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti múra láti kórìíra rẹ̀, kò jẹ́ kó rọrùn.

Ó ka lẹ́tà náà, ó sì dá a padà sọ́wọ́ Tíṣà.

"Ẹ má bínú. Àwọn tó ń wá yẹ̀ wá wò lọ́dọọdún, ohun kan ni wọ́n máa bi mí: kí ni ẹni yìí lè dúró kọ́? Ó kéré tán, ìdajì ohun tí ènìyàn kà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ kan náà. Èyí, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Mi ò lè gbà á."

"Sà, tí n bá rí èyí tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ìtàn ńkọ́?" Tíṣà ló bi í.

"Ẹ mú un wá lọ́la, màá fọwọ́ sí i lọ́la."

Mo fẹ́ bá a jà. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé irọ́ ló pa. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́fà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra, ó máa ń dán lójú, ṣùgbọ́n jókòó lé e kí o wò ó. Tí ènìyàn bá fẹ́ so pákó méjì, ọ̀kan ní láti nípọn tó láti gba ìṣó. Ogójì ọdún ni mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ó dùn mí pé ẹnu ẹlòmíràn ni mo tún ti gbọ́ ọ, lórí ọ̀rọ̀ ọmọ mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún

Òjò. Kò jẹun àárọ̀, kò jẹ tọ̀sán. Tòmátì ti wọ́n ju ẹran lọ.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Oníkọ̀ǹpútà ló ránṣẹ́ pè é ní ọjọ́ Ẹtì. Ilé ẹ̀kọ́ gidi ni lọ́tẹ̀ yìí, bọ́ọ̀sì wákàtí mẹ́fà sí ibí, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni wọ́n ń kọ́ni, ìyókù a máa wá nípa lẹ́tà. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ìtàn, ìdajì kejì ẹni náà lè yàn án, bàọ́lọ́jì wà níbẹ̀. Tíṣà lè máa san owó rẹ̀ láti inú owó oṣù rẹ̀. Tíṣà kìlọ̀ fún mi pé kí n má tíì yọ̀: ènìyàn méjìlá péré ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló sì ń wá a.

Wọ́n ní kó kọ ohun tó fẹ́ lọ ṣèwádìí sí ojú ewé mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ ọ́. Lónìí ó kà á sí mi létí. Ó kọ nípa àdúgbò tí a ń gbé tẹ́lẹ̀, nípa kànga ìsàlẹ̀ títì àti ibi tí wọ́n gbẹ́ ilé ìyàgbẹ́ sí, àti iye ilé tí ènìyàn ti kú lọ́dún yẹn. Ó ka àwọn ilé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí ilé kẹjọ, mo díbọ́n pé mo ti sùn lọ. Ilé kẹjọ ni tiwa.

"Bàbá, ṣé kò dùn ni?"

Mo ní ó dùn bí orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún ni kò jẹ́ kí n lè lajú. Ó ju bírò lù mí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Fọ́ọ̀mù ti lọ. Àwọn tí wọ́n bá gbà, wọn yóò pè wọ́n lórí fóònù, ẹni náà yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, nítorí àwọn tó ń dúró lẹ́yìn. Tíṣà ń gbé fóònù wọ ilé ìwẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn, mo ní, "Yunifásítì ní kí o fọ ẹ̀yìn etí."

Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Mo ti san gbèsè omi. Mo pe Télọ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, mo ní mo sanra púpọ̀, n kò lè jáde nínú ọkọ̀, kí Télọ̀ mú téèpù wá wọ̀n mí ní ibùdókọ̀. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ló fi ń wo inú ọkọ̀ káàkiri. Awakọ̀ kan fẹ́ lù ú.

A jọ mu tíì lẹ́yìn náà. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fóònù Tíṣà fún un. N kò rí ìdí tí n kò fi ní sọ fún un.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ mú fóònù wọ gbọ̀ngán, nítorí náà èmi ni a fi ṣọ́ ọ.

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi. Tí wọ́n bá pè, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni péré. Ẹ má fi nǹkan kan kún un."

Mo ní mo ti sọ bẹ́ẹ̀ ni fún ìyá rẹ̀ rí láìfi nǹkan kan kún un, wo ohun tó bí.

Fóònù kò dún. Mo gbé e sórí ìrọ̀rí bí ẹyin.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Fóònù dún ní agogo mẹ́wàá. Ohùn obìnrin ni. Ó ní yunifásítì ni òun. Mo dìde dúró ṣánṣán, mo ṣí fìlà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé bàbá Tíṣà ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní inú àwọn dùn láti sọ fún mi pé bàbá ni àwọn gbà, kì í ṣe ọmọ, kí n mú ṣòkòtò penpe àti báàgì ìléèwé wá. Mo ti tún sọ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó gbọ́ ẹ̀rín láti òdìkejì títì.

Mo jókòó. Ẹranko ni ọkùnrin yẹn. Ó ṣe é dáadáa, ṣá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Agogo mọ́kànlá kọjá díẹ̀ ni fóònù dún. Mo wo òdìkejì títì kí n tó gbé e. Kọ́tìnnì Télọ̀ wà ní títì, ó sì mì. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà ni.

"Ẹ káàárọ̀, sà. A ń pè láti yunifásítì. Ṣé a lè bá ẹni tó ni fóònù yìí sọ̀rọ̀?"

"Ó ti lọ," ni mo wí. "Ó ní òun kò kàwé mọ́, iṣẹ́ télọ̀ ni òun fẹ́ kọ́."

"Sà? A fẹ́ fún un ní àyè ni."

"Ẹ fún ìyá yín. Tàbí kí ẹ fi rán kóòtù."

"Ṣé ó dá yín lójú, sà? Àwọn tó ń dúró pọ̀."

"Ó dá mi lójú ju orúkọ mi lọ."

"Ṣé kí n kọ ọ́ pé ó kọ̀ ọ́ nìyẹn?"

"Kọ ọ́. Kọ ọ́ gàdàgbà."

"Ó dáa, sà. Ẹ ṣeun."

Ẹ ṣeun yẹn ni. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ti dé àárín títì kó tó wọ̀ mí lára. Láti ogójì ọdún, Télọ̀ kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi rí.

Mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Orí àga ló wà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni gbé ọsàn sẹ́nu, owú kún ẹnu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní láti agogo mẹ́jọ ni àwọn ti wà lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín, eyín méjì ni wọ́n yọ, àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ó ní òun ló fa kọ́tìnnì. Mo bi Télọ̀, "Ìwọ lo pè mí?" Ó mi orí pé rárá. Mo tún bi í. Ó tún mi orí, ojú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yípadà bó ṣe ń wo tèmi.

Mo pe nọ́ńbà náà padà. Ẹ̀rọ kan ń sọ pé kí n tẹ ení, kí n tẹ èjì. Mo tẹ gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé e títí owó fi tán nínú fóònù.

Ibì kan wà tí oníkọ̀ǹpútà kọ́ mi láti máa tẹ̀ nígbà tí àwọn gbájú-ẹ̀ ń pè mí. Mo tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà náà sì pòórá.

Tíṣà dé ní agogo mẹ́rin. "Bàbá, ṣé wọ́n pè?"

Mo ní wọn kò pè.

Mo ti pa irọ́ púpọ̀ láyé mi. Èyí ni àkọ́kọ́ tí kò sẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín ní ìparí rẹ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Ó bi mí kó tó bọ́ bàtà. Mo ní wọn kò pè.

Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Télọ̀ wá. Ẹnu rẹ̀ ti là díẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Sọ fún un, Káfíńtà."

"Ìwọ náà wà nínú rẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀. Màá bá ẹ lọ sọ ọ́, tí o bá fẹ́. Ṣùgbọ́n sọ fún un."

Mo ní kó máa lọ tọ́jú eyín rẹ̀. Tíṣà ń rẹ́rìn-ín sí mi láti ibi iná, ó rò pé a tún ti ń bá eré wa lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo sọ fún un pé mo fẹ́ lọ wo pákó lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kan. Agogo márùn-ún àárọ̀ ni mo wọ bọ́ọ̀sì. Obìnrin kan jókòó tì mí tó gbé adìẹ méjì sẹ́sẹ̀, ní ọjọ́ mìíràn èmi àti àwọn adìẹ yẹn ìbá ti di ọ̀rẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ náà lẹ́wà. Ògiri rẹ̀ ti gbó, àwọn àga tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ jẹ́ pákó gidi, ẹni tó kàn wọ́n mọ iṣẹ́. Wọ́n ní kí n lọ sí yàrá kẹrin. Ọmọbìnrin kan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì lójú, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Mo kí i. Ó gbójú sókè kí n tó sọ ohun tí mo bá wá.

"Ẹ̀yin ni bàbá ọjọ́ yẹn."

Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà, láti ẹnu ẹni tó ni ín. Mo ṣí fìlà mi. Mo sọ ohun gbogbo fún un, ti Télọ̀, ti omi, ti ṣòkòtò penpe. Kò rẹ́rìn-ín, n kò sì fẹ́ kó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi yín."

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

"Mo fẹ́ràn ohun tó kọ. Ọ̀rọ̀ kànga yẹn. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sókè." Ó fa ìwé kan jáde, ó fi hàn mí. Ó ti kọ ọ́ bí mo ṣe ní kó kọ ọ́, gàdàgbà: Ó KỌ̀ Ọ́. "Ẹni tó tẹ̀ lé e ti gba àyè náà ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ó ti sanwó. Mi ò lè yọ ọ́."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kí wọ́n fi àga kan kún un, èmi fúnra mi yóò kàn án. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ àga. Ohun tó kù ni àwọn tó máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀. Tí Tíṣà bá wá fúnra rẹ̀, wọn yóò gbà á láìsí pé ó tún ojú ewé mẹ́rin yẹn kọ. Ṣùgbọ́n kò sí lẹ́tà tí wọ́n lè fún un ṣáájú oṣù kẹwàá.

Mo ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ ẹ. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Ó tún fún mi ní omi mu.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ó wà nídìí tábìlì, ó ń máàkì ìwé ìdánwò. Mo dúró lẹ́yìn àga rẹ̀ nítorí n kò fẹ́ rí ojú rẹ̀, mo sì sọ ọ́.

Bírò dúró.

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́bọ̀."

"Ọjọ́bọ̀ wo?"

"Èyí tó kọjá."

"Mo béèrè lọ́wọ́ yín ní Ọjọ́bọ̀. Mo béèrè ní ọjọ́ Ẹtì." Kò gbé ohùn sókè. "Kí lẹ sọ fún un? Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí n tún un sọ. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, láti orí iṣẹ́ télọ̀ títí dé orí kóòtù. Ní yàrá yẹn, ní ọ̀sán gangan, kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Ó fa ìwé ìdánwò tó kàn sọ́dọ̀, ó máàkì rẹ̀. Ó máàkì gbogbo wọn tán, mọ́kàndínlọ́gọ́ta, èmi sì dúró síbẹ̀. Nígbà tó tò wọ́n jọ tán, ó ní oúnjẹ wà nínú ìkòkò, ó sì jáde lọ rìn.

Ìbá ti bú mi. Mo mọ ohun tí mo lè ṣe sí èébú.

Ẹtì, ogúnjọ́

Ó ti lọ ó ti dé, wákàtí méjìlá nínú bọ́ọ̀sì. Wọn yóò gbà á ní oṣù kìíní. Àwọn méjèèjì jọ jókòó fún wákàtí kan, òun àti ọmọbìnrin yẹn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kànga. Èyí ni gbogbo ohun tó sọ fún mi. Ó kí mi káàárọ̀, ó kí mi káalẹ́, ó bu oúnjẹ fún mi, kò sì dín ẹran mi kù.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo dá lọ bá ọ̀gá àgbà. Mo ní èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe òun, kó gbà á pẹ̀lú ìlérí oṣù kìíní. Ó gbọ́ mi tán pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ rẹ̀ yẹn.

"Bàbá, tí n bá ṣe é fún un, àwọn mẹ́ta mìíràn wà tí mo ti kọ̀ fún. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?"

Mo dìde, mo mú fìlà mi.

"Tó bá gba ìwé náà tán, kó padà wá. Àyè lè wà."

Lè.

Ọjọ́ Ajé, ọgbọ̀njọ́

Páálí méjì ni ohun ọdún mọ́kànlá. Ìwé, bàtà òjò, ife tíì kan tí kò létí. Ó gbé ọ̀kan, mo gbé ọ̀kan. Àwọn ọmọ kan dúró lójú fèrèsé kíláàsì, wọn kò mọ̀ bóyá kí wọ́n juwọ́. A gba àárín àwọn tábìlì mi kọjá. Mẹ́rin nínú wọn ni ẹsẹ̀ wọn ti ń mì. N kò dúró.

Lójú ọ̀nà, páálí rẹ̀ tú nísàlẹ̀, ìwé dà sínú ẹrẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ kan dé sí mi lẹ́nu lórí rẹ̀, ó dùn púpọ̀. Mo gbé e mì. A jọ ṣa ìwé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù keje

Oòrùn yọ lónìí, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ti rí iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan, kíkọ́ àwọn tó fẹ́ tún ìdánwò ṣe, ìdajì owó tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Ó ní yóò tó títí di oṣù kìíní tí a kò bá jẹ ẹran.

Fọ́ọ̀mù tuntun ti dé láti yunifásítì. Ó jókòó kọ ọ́ nídìí tábìlì lọ́sàn-án yìí, mo jókòó sí òdìkejì, mo ń fi sánpépà fá ẹsẹ̀ àga kan tí kò nílò rẹ̀. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, ilé ìwé tó lọ. Ó ń yára. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo lè kàwé láti òdìkejì, bí n kò tilẹ̀ kà púpọ̀: ẹni tí a lè pè tí a kò bá bá ọ lórí fóònù, àti nọ́ńbà rẹ̀.

Ó gbé bírò sókè. Ó wo ojú fèrèsé fún ìgbà díẹ̀. N kò fá àga mọ́.

Lẹ́yìn náà ó kọ ọ̀rọ̀ kan, ó sì bi mí láìgbójú sókè.

"Bàbá, kí ni nọ́ńbà Télọ̀?"

Mo mọ̀ ọ́n sórí. Mo pè é fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ ọ́.